"O ti ba ọkọ lọ si ilu Kano": ọkọ ni àbí ọkọ̀?

ÌBÉÈRÈ, láti Kubwa, Àbújá

Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ di ìjà nílé wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí bàbá wa sí, àwa ọmọ sì ti tàn ká Kàdúná àti Àbújá. Nígbà tí à ń palẹ̀ ẹrù ìyá wa mọ́, a rí àjákù ìwé ìròyìn Yorùbá kan nínú Bíbélì rẹ̀. Ìkéde ikú ni, ti ìyá tó bí bàbá bàbá wa. Ibi tí orúkọ ìwé ìròyìn náà àti ọjọ́ tó jáde wà ti ya dànù. Gbólóhùn tó dá wàhálà sílẹ̀ rèé: "o ti ba ọkọ lọ si ilu Kano". Kò sí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọkọ ìyá náà ni wọ́n ń wí, pé ó tẹ̀lé bàbá lọ ni. Àǹtí wa ní Kàdúná fárígá, ó ní ìyá yẹn dá lọ ni, òwò ló bá lọ, rélùwéè ló sì wọ̀. Àbúrò mi kan tún dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó ní mọ́tò akẹ́rù ni. A fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìrántí ìdílé, atẹ̀wé sì ń dúró dè wá. Kí ni ká kọ?

* * *

Ọkọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìdáhùn tí ẹ ó fi dá atẹ̀wé lóhùn lẹ fẹ́, òun nìyẹn.

Ọkọ tó jẹ́ ènìyàn máa ń ní ẹni tó ni ín: ó bá ọkọ rẹ̀ lọ, ó bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́ létí àgbàlagbà kan pé "ó bá ọkọ lọ sí Kánò", kẹ́ ẹ wò ó bí kò bá ní bi yín pé "ọkọ ta ni?" Ṣùgbọ́n "ó bá ọkọ̀ lọ", "ó bá ọkọ̀ dé", báyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń sọ ìrìn àjò kí "wọkọ̀" tó gba gbogbo ẹnu.

Èyí tó le ni irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn wa, ọdún tí wọ́n kọ ọ́ sì ni yóò sọ èwo ló ń ṣe. Ẹ má gbàgbé pé ìkéde ikú lẹ mú lọ́wọ́. Ọdún tí ìyá rìn àti ọdún tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ lè jìnnà síra gan-an.

* * *

Mo rí i pé àwọn tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yin òǹkàwé ń dáhùn pé mọ́tò ni ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Lónìí ni. Bí ẹ bá dúró ní gáréèjì Jabi tí ẹ pariwo pé ọkọ̀ Ìlọrin dà, kò sẹ́ni tí yóò máa wo ojú odò. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí Abẹ́òkúta, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, tí wọ́n ń fi 120 owó ẹyọ rà á. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọkọ̀ nígbà náà tí kò léfòó lórí omi. Èyí tí wọ́n fi igi gbẹ́ tó ń gba odò Ògùn lọ sí Èkó, ọkọ̀ ni. Èyí tó ń ti Ìlú Ọba kó lẹ́tà àti òyìnbó wá sí ẹ̀bá òkun, ọkọ̀ náà ni. Láti 1852 ni àwọn ọkọ̀ elééfín tó ń gbé lẹ́tà ti ń wá létòlétò sí etíkun wa, ìwé ìròyìn yẹn sì fẹ́ràn láti máa sọ ta ló lọ àti ta ló dé nínú àwọn míṣọ́nnárì. Omi ni gbogbo wọn ń bá wá. Kò sí ìdí láti fi "ojú omi" kún un, bí a kì í ti í sọ pé "ẹja inú omi".

Ìgbà tí wọ́n bá ní ká má ṣì í mú nìkan ni wọ́n máa ń fi ìrù sí i: ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ onígbòkun, ọkọ̀ elééfín.

Àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn nígbà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni púpọ̀ nínú wọn ti kẹ́kọ̀ọ́, Bíbélì ló sì tọ́ ọwọ́ wọn. Nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tó pé pérépéré ní 1884, ọkọ̀ ni Nóà kàn. Ohun tí ẹṣin ń fà, tí ìwẹ̀fà ará Etiópíà jókòó sínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni.

* * *

Orí kẹ̀kẹ́ yìí ni ẹnì kan láti Nyanya wá bá mi: bí kẹ̀kẹ́ bá wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ohun tó ń yí lórí ilẹ̀, kí ló dé tí mọ́tò àti rélùwéè fi gba orúkọ ọkọ̀?

Ìbéèrè tó dáa nìyí, ó dáa ju tèmi lọ. Ohun tí mo rò ni pé wọn kò wo ẹsẹ̀ nǹkan náà, inú rẹ̀ ni wọ́n wò. Èrò ń wọ inú rẹ̀, ẹrù ń wọ inú rẹ̀, ẹni tó ni ín ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín kó tó gbé yín. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń ṣe gan-an ló wá ń ṣe lórí ilẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ ojú omi ló bá a gòkè. Ẹ wò ó: a ṣì ń wa ọkọ̀, bí ẹni mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Awakọ̀ ni dírẹ́bà. Ọkọ̀ ṣì ń ṣí. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé láti Èkó sì ń gúnlẹ̀ sí Àbújá títí di àná nínú ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ etí odò ni a ti ń gúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Napep tó kún ojú ọ̀nà Kubwa ba àlàyé mi jẹ́ díẹ̀, mo mọ̀. Èrò ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń sanwó, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ là ń pè é. Ẹ fi jìn mí níbẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo rélùwéè, ẹ kú sùúrù, ó kàn yín.

Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin, ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Ọ̀fà àti Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Ó di 1912 kí ènìyàn tó lè wọ̀ ọ́ láti Èkó kó sì sọ̀ ní Kánò. Ohun tí ìwé ìròyìn ṣe fún nǹkan tuntun yìí ni pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀ kún un: ọkọ̀ ilẹ̀. Wọ́n tún ní ọkọ̀ ojú irin. Àwọn tí kò ráàyè àlàyé kọ rélùwéè. Nígbà tó sì ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára, ìrù náà já. Ní ìlú tí irin gbà kọjá, "ọkọ̀" lásán ti tó. Ẹ mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹnì kan tó ń gbé ní Zaria sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti kọ́ ọ, nítorí jirgin ƙasa ni wọ́n ń pe rélùwéè, jirgin sama ni bàálù, jirgin ruwa sì ni ọkọ̀ ojú omi. Lóòótọ́, ó jọ tiwa bí ìbejì: jirgi dúró gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀, ilẹ̀, òfurufú àti omi tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n n ò gbà pé a kọ́ ọ níbẹ̀. Irin ti wà ní Ìbàdàn ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ọkọ̀ Èkó tó wọ Kánò, àwọn oníwèé ìròyìn Èkó kò sì lè máa dúró de Hausa kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n ń rí ní Iddo, ìdí rélùwéè Èkó, lórúkọ. Omi ni àwa àti àwọn ti ń wọ ohun ìrìnnà, a sì dé ibì kan náà.

Ibi tí a ti pínyà ni mọ́tò. Hausa fi jirgi sílẹ̀ níbẹ̀, mota ni wọ́n ń pè é, kò sí jirgi nínú rẹ̀. Àwa gba mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó, a tún na ọkọ̀ dé orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá Àbújá fi máa ń ṣi ara wọn gbọ́ tí Hausa kò ní ṣi ara wọn gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti Kàdúná, ó tẹ àna rẹ̀ láago pé òun ti wà nínú ọkọ̀. Àna lọ jókòó sí Zuba, ó ń wo gbogbo mọ́tò tó ń tú èrò sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ̀ ní Idu, ó ń bínú pé wọn ò wá pàdé òun. Rélùwéè ló wọ̀ ní Rigasa. Hausa kan tó jókòó tì wọ́n rẹ́rìn-ín títí: "jirgi ko mota?" ni wọn ì bá ti béèrè.

* * *

Fún ẹni tó ní "ọkọ̀ ojú omi kò lè dé Kánò, ẹ yọ ìyẹn kúrò": kò dé Kánò, ṣùgbọ́n ó dé Baro. Nítorí omi gan-an ni wọ́n ṣe tẹ irin Baro sí Kánò, kí ọkọ̀ tó bá gba Odò Ọya gòkè lè já ẹrù àti èrò fún rélùwéè níbẹ̀. Àní kí wọ́n tó parí afárá Jẹ́bà ní 1916, orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń gbé rélùwéè sọdá odò. Ọkọ̀ gbé ọkọ̀. Kí ni akọ̀ròyìn ọdún yẹn ì bá kọ?

Bàálù náà sì balẹ̀ ní Kánò kan náà, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1925, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá láti Káírò. Kò kan ìyá yín, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ ló dé ìlú yẹn.

* * *

Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ àmì ohùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹni tó béèrè ti wọlé fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń fi àmì sí ohun tí kò ní àmì, pé kí n ka ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé kà láìfi àmì sí i lọ́kàn. Ìpàdé tí àwọn ìjọ ṣe ní Èkó ní 1875 ló fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ wa àtijọ́ múlẹ̀, tí a fi ń rí "aiye", "enia", "nwọn" àti "li" títí di nǹkan bí 1974 tí wọ́n tún un ṣe. Àmì abẹ́ ọ àti ẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì ohùn ṣọ̀wọ́n lójú ewé ìwé ìròyìn. Nítorí náà, lẹ́tà mẹ́ta tó wà lórí àjákù yín yẹn lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ó lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń gún ọ̀tá. Bí àmì abẹ́ rẹ̀ bá sì já nílé ìtẹ̀wé, ó di oko. Mo ti rí ibi tó ti já, tí oníṣòwò kan fi dà bí ẹni tó "gun oko" lọ sí òkè òkun.

Aládùúgbò ọ̀rọ̀ náà la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí gún tàbí jù nítòsí rẹ̀, ọ̀kọ̀ ni. Bí ẹ bá rí ṣí, rì, gúnlẹ̀, sọ̀, bá… lọ, bá… dé, ọkọ̀ ni. Ọkọ́ kì í wọ ìròyìn bí kò ṣe ìpolówó ọjà. Ọkọ ìyàwó ló máa ń fẹ́ ẹni tó ni ín lẹ́yìn rẹ̀, bí mo ti wí.

Ẹni kan ní Lugbe ti fi èyí dá mi lóhùn pé a ń sọ "ilé ọkọ", "wá ọkọ", "kọ ọkọ", láìfi "rẹ̀" sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ tí a kò tíì mọ̀ tàbí ọkọ ti gbogbo obìnrin ni ìyẹn: ẹni tó ń wá ọkọ kò tíì rí i. Ẹni tí wọ́n jọ gbé ẹrù tí wọ́n jọ rìn dé Kánò ní orúkọ, ó lójú, ó nímú. Wọn ì bá ní "ọkọ rẹ̀". Àwọn akọ̀ròyìn àtijọ́ kì í ṣahun ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ wọ́n.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ̀yin méjèèjì fò. "O" tó wà níwájú gbólóhùn yẹn kò sọ fún wa pé obìnrin ni. Ṣé ìyá náà ni wọ́n ń wí lóòótọ́, àbí bàbá rẹ̀, àbí ọmọ rẹ̀? Ẹ bá wa kọ gbogbo ohun tó wà lórí àjákù náà.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá, ó kọ gbólóhùn náà tán. Báyìí ló rí: "lati Ọffa li o ti ba ọkọ lọ si ilu Kano, nibiti o gbe nṣowo". Orúkọ ìyá náà ló ṣáájú rẹ̀, kò sí orúkọ ẹlòmíràn láàárín. Ó ní ìpolówó ọṣẹ ló wà lẹ́yìn ìwé náà, owó rẹ̀ jẹ́ ṣílè.

Ha! Ẹ ti gé Ọ̀fà sọ nù, ẹ wá ń bi wá pé ọkọ̀ wo ni. Òun gan-an ni ẹ̀rí.

Ṣílè kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, ó kàn sọ pé ṣáájú oṣù Kíní 1973 ni, tí náírà dé. Ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló ń lọ Kánò tó kọ́kọ́ yà sí Ọ̀fà? Ẹni tó fẹ́ wọ rélùwéè ni. Irin kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Láti Òṣogbo ló ti gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ẹni tó bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní láti fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kó wá ohun tí yóò gbé e dé ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ mọ́tò akẹ́rù, bí àbúrò yín ṣe wí, Ìlọrin ni yóò gbà tààrà, kí ni yóò wá lọ Ọ̀fà? Àbúrò, mo gbà pé mọ́tò ti ń bá rélùwéè du èrò láti bí ọdún 1920 sókè, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá wa tó ń ṣòwò lókè Ọya orí ẹrù ni wọ́n jókòó sí dé ibẹ̀. Ti ìyá yìí kọ́.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: ọkọ̀ ilẹ̀ ni, ẹni tó kọ ọ́ sì já "ilẹ̀" sílẹ̀ nítorí pé bó bá ti dárúkọ Ọ̀fà, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. "Nibiti o gbe nṣowo" sì gbè lẹ́yìn àǹtí yín. Òwò ìyá náà ni akọ̀ròyìn rí sọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tún dáhùn. Ó ní bàbá àgbà wọn tó fẹ́ ìyá náà ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kánò, pé kò sí bí ìyàwó yóò ṣe débẹ̀ bí kì í bá ṣe ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ láìjẹ́ ohun tó wà lórí ìwé yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ìyá bá ọkọ̀ lọ kí ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í. Ó tún ṣeé ṣe kí bàbá ti wà ní Kánò kí ìyá tó dá gbéra lọ bá a, tàbí kó jẹ́ Sabon Gari gan-an ni wọ́n ti pàdé. Àǹtí yín ní Kàdúná yẹ kó mọ èyí tó ṣáájú, ẹ bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe níbi tí gbogbo yín ti ń pariwo. Ìwé ilẹ̀ ilé Sabon Gari náà lè sọ̀rọ̀, bó bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí n ò ní gbà fún yín ni kí ẹ tẹ "ó bá ọkọ rẹ̀ lọ" sínú ìwé ìrántí. "Rẹ̀" kò sí níbẹ̀. Ẹ tẹ gbólóhùn náà bó ṣe wà, pẹ̀lú "li" àti "nṣowo" rẹ̀, láìfi àmì kankan kún un, kí ẹ wá fi lẹ́tà kékeré kọ sí abẹ́ rẹ̀ bí ìdílé ṣe kà á. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ ti ẹ̀gbọ́n àti ti àǹtí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ọmọ yín yóò yàn.

Àwọn tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí odidi ìwé ìròyìn náà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, nínú ọgbà yunifásítì. Ti Kàdúná sún mọ́ yín, ṣùgbọ́n fáìlì ìjọba Àríwá ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ìpolówó ọṣẹ yẹn dání. Orúkọ ọṣẹ àti iye rẹ̀ lè tètè fi ọdún rẹ̀ hàn ju orúkọ ìyá lọ.

Atẹ̀wé lè dúró di ọjọ́ Ajé. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ àjákù yẹn mọ́ páálí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú méjèèjì.